Aago àti Ọ̀já Omi tí Màámi Fi Ń Sáré

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ìkíni yẹn kò bá ibi tí ẹ wà mu, ṣùgbọ́n mi ò mọ òmíràn tí mo lè fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún kan àti oṣù mélòó kan ti kọjá tí a ti sin yín sí Ṣakí, mi ò sì tíì kọ nǹkan kan sí yín. Ìròyìn ayọ̀ ló mú mi gbé bírò lónìí. Màámi ti di ẹni tó ń sáré.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìyàwó yín náà ni mò ń wí, ẹni tó jẹ́ pé bí a bá ní kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì, wọ́n á ní orúnkún ń dun àwọn. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni wọ́n báyìí, wọ́n ń ki ẹsẹ̀ bọ bàtà kánfáàsì kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n sì ń sáré láti ilé wa ní Baṣọ̀run títí dé Bódìjà, wọ́n á tún sáré padà.

Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú yín, ilé dákẹ́. Màámi ò ránṣọ mọ́. Wọ́n fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, wọ́n gbé àga yín síbi fèrèsé, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ń jókòó sí láti àárọ̀. Tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì mi ní Agbowó, tí mo délé, ibi tí mo fi wọ́n sí láàárọ̀ náà ni mo máa ń bá wọn. Oúnjẹ tí mo gbé kalẹ̀ á ti tutù. Nígbà tí mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ti ga débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n. Dókítà fún wọn lóògùn, ó sì ní kí wọ́n máa rìn lójoojúmọ́. A délé, Màámi tún padà sínú àga.

Àlàájà tó ń gbé ilé kejì sí wa ló gba ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ẹ rántí wọn, àwọn tí ẹ máa ń kó àjákù pákó ibi iṣẹ́ yín fún láti fi dáná. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, wọ́n á wá kan ilẹ̀kùn wa, wọn ò sì ní í lọ títí Màámi á fi jáde. Oṣù kan ni àwọn méjèèjì fi ń rìn. Lọ́jọ́ kan, òjò lé wọn, wọ́n sì sáré délé. Àlàájà sọ fún mi pé nígbà tí àwọn dé abẹ́ òrùlé, ẹ̀rín ni Màámi ń rín. Èmi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ. Láti ọjọ́ kejì ni Màámi ti ní àwọn fẹ́ mọ bí àwọn ṣe lè sáré pẹ́ tó kí àwọn tó dúró mí. Bí ọ̀rọ̀ aago ṣe wọlé nìyẹn.

Àbúrò mi Káyọ̀dé gbọ́ ní Kánádà, inú rẹ̀ dùn, ó sì fi aago ọwọ́ olówó ńlá kan ránṣẹ́. Aago náà ń ka ìṣísẹ̀, ó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, ó mọ bí èèyàn ṣe sùn, ó sì ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ láti orí fóònù. Èmi ni mo tò ó. Mo dè é mọ́ ọrùn ọwọ́ Màámi, mo sì yára lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mi ò jókòó tì wọ́n kí n ṣàlàyé ohun tó lè ṣe. Ẹ̀bi mi ni, mo gbà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bí wọ́n ti ń sáré bọ̀ wálé, aago gbọ̀n lọ́wọ́ wọn. Ojú rẹ̀ pọ́n, ọ̀rọ̀ òyìnbó sì jáde sí i. Màámi ò lè kà á láìsí awò ojú. Wọ́n rò pé ọkàn àwọn ló fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n jókòó sétí gọ́tà, wọ́n di ọwọ́ Àlàájà mú, wọ́n ní kí wọ́n pè mí wá kí àwọn lè dágbére. Nígbà tí ọ̀kadà gbé mi débẹ̀, tí mo wo aago náà, gbogbo ohun tó ń wí kò ju pé bátìrì òun ti fẹ́ tán.

Àlàájà rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí mo rí ojú Màámi. Irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin náà ṣubú ní ọjà pákó Bódìjà, Bàbá, láìsí ohunkóhun tó kọ́kọ́ kìlọ̀ fún yín. Ṣé ohun tó wà lọ́kàn wọn nìyẹn? Mi ò bi wọ́n. Wọ́n tú aago náà, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, ó sì di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko tí wọn ò jáde. Àlàájà á kanlẹ̀kùn, Màámi á ní ara àwọn ò yá.

Mo ní ohun kan tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú ikú yín, ẹ pè mí lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún ṣọ́ọ̀bù dẹ́nu ọ̀nà, mo ní màá pè yín padà, mi ò pè. Kí lẹ fẹ́ bá mi sọ? Mo ti bi ara mi títí. Nígbà tí mo rí Màámi tí wọ́n tún ti padà sínú àga yẹn, mo sọ fún ara mi pé tiwọn ò ní í bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ bíi tiyín. Mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo mú wọn lọ sí Dùgbẹ̀.

Ọkùnrin tó ń ta aago lábẹ́ agboòrùn kọ́kọ́ gbé èyí tó ń dán bíi góòlù jáde, ó ní irú rẹ̀ ló yẹ àwọn ìyá ìjọ. Màámi dá a padà. Ó gbé òmíràn tí bọ́tìnnì yí ká bí eyín. Wọ́n dá ìyẹn náà padà. Mo ti ń rò ó pé asán la wá, nígbà tí wọ́n rọra sọ fún un pé:

"Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kí n sáré, kí n dúró, kí n tún tẹ̀ ẹ́. Kó má bá mi sọ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́yìn ìyẹn."

Ọkùnrin náà wò wọ́n, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì tú àpótí tó wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Aago dúdú kan ló mú jáde, oníke lásán, nọ́ńbà rẹ̀ gbòòrò, okùn rẹ̀ jẹ́ rọ́bà rírọ̀. Màámi yọ awò ojú wọn kí wọ́n tó wò ó, torí wọn kì í wọ̀ ọ́ sáré. Wọ́n na ọwọ́ jìnnà, wọ́n ka nọ́ńbà náà ketekete. Wọ́n dijú, wọ́n fi àtàǹpàkò wá bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ kó máa ka ìṣẹ́jú, wọ́n rí i. Wọ́n ní kó tan iná inú rẹ̀ nítorí òkùnkùn àárọ̀. Wọ́n bi í bóyá òógùn ò ní í bà á jẹ́. Ọkùnrin náà ju aago sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tó wà nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fà á yọ, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó ní bátìrì rẹ̀ á lò tó ọdún méjì, kò sì fẹ́ ṣáájì. Màámi wá so ó mọ́wọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ju apá síwá sẹ́yìn láàárín ọjà láti mọ̀ bóyá á máa yọ̀. Àwọn èèyàn ń wò wá. Ojú ti ń tì mí kí n tó rántí yín, bí ẹ ṣe máa ń di ojú kan wo pákó láti ìdí dé orí, tí ẹ kì í ka ariwo ẹni tó ń tà á sí. Ta ló kọ́ ẹnì kejì nínú ẹ̀yin méjèèjì?

Ó dun Káyọ̀dé díẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un lórí fóònù, ó bi mí bóyá aago òun ti bàjẹ́ ni. Màámi gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n ní aago rẹ̀ dára púpọ̀, ti ẹni tó bá ní sùúrù láti máa ka ohun tó ń wí ni, kó jẹ́ kí èmi máa lò ó. Ó gbà. Èmi ni mo so ó mọ́wọ́ báyìí. Bí mo bá jókòó pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, á gbọ̀n, á ní kí n dìde.

Ó wá ku omi. Màámi gbà pé ẹni tó ń sáré kì í mumi kí inú má baà run ún. Ní àárọ̀ kan tí oòrùn tètè mú, òòyì kọ́ wọn nítòsí Bódìjà. Bísí, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń sáré lọ́nà yẹn, ló gbá wọn mú, ó fún wọn ní píọ̀wọ́tà, ó sì ṣàlàyé pé díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa mu ún, kí wọ́n má dúró dìgbà tí ọ̀fun bá gbẹ. Màámi gba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe máa gbé omi sáré? Píọ̀wọ́tà bẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ike ńlá ń fa èjìká kan wálẹ̀. Bísí yá wọn ní àpò ẹ̀yìn tó ní rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi mu. Wọ́n ní ó ń fò sókè sódò lẹ́yìn àwọn bí ọmọ tó kọ̀ láti sùn.

Lọ́jọ́ kejì tí mo dé láti ṣọ́ọ̀bù, mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ láti ẹnu géètì. Mo dúró. Bàbá, mo dúró síta títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, torí mi ò fẹ́ kí ilẹ̀kùn dún kí wọ́n wá dáwọ́ dúró.

Ọ̀já ni wọ́n ń rán, ọ̀já tí wọ́n fi pọn èmi àti Káyọ̀dé. Wọ́n ti gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ti lẹ àpò kékeré méjì mọ́ ọn. Ìgbà àkọ́kọ́, ó ń yọ̀ bọ́ sídìí. Wọ́n tú u, wọ́n tún un rán, ike omi ń fò yọ. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n gbé àpò náà wá sẹ́yìn ìbàdí gan-an, wọ́n fi rọ́bà sí ẹnu rẹ̀ kó lè di ike mú, wọ́n sì tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀. Ike kékeré méjì ni wọ́n kì bọ̀ ọ́ dípò ńlá kan, kí ìwúwo wọn lè dọ́gba. Wọ́n sáré yí ilé ká. Kò mì. Àlàájà ní kí wọ́n rán ti àwọn. Bísí gbé aṣọ tirẹ̀ wá, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀rọ yẹn ò tíì sinmi.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, Bísí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí a jọ sáré láti Bódìjà, kí a gba Mọ́kọ́lá àti Dùgbẹ̀, kí a fàbọ̀ sí Challenge. Kò sí ẹ̀bùn, kò sí ipò kìíní. Mo ní màá bá wọn lọ kí n lè máa ṣọ́ Màámi. Ní Mọ́kọ́lá ni èémí mi ti ń já. Nígbà tí a fi máa dé Dùgbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ń gún mi, mo dúró, mo di ọwọ́ mú orúnkún. Màámi náà dúró. Wọ́n mu omi ẹnu méjì, wọ́n fún mi ní ike kejì, wọ́n wo aago wọn.

"Ṣé kí n dúró dè ọ́?"

Mo wo ojú wọn. Òógùn bò ó, ṣùgbọ́n ó mọ́ kedere, bí ojú ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Mo ní kí wọ́n máa lọ. Wọ́n lọ, wọn ò bojú wẹ̀yìn.

Mo sinmi pẹ́ kí n tó gun ọ̀kadà. Nígbà tí a dé apá Ring Road, mo rí wọn níwájú, àwọn nìkan ní ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ̀yìn wọn nà tọ́, ẹsẹ̀ wọn ń lọ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé láìkánjú. Ọlọ́kadà náà rí wọn, ó dẹwọ́ eré.

"Àǹtí, ẹ wo ìyá yẹn. Ta ló ń lé wọn?"

Mo ní kó má fun fèrè, kó má sì kọjá wọn. Mo sọ fún un pé kò sẹ́ni tó ń lé wọn, ìyá mi ni. Ó ní òun ò gbọ́, atẹ́gùn ni. Mo bá pariwo rẹ̀ sí i létí, Bàbá, mo pariwo rẹ̀ lójú títì: "Ìyá mi ni!"

Pẹ̀lú ìfẹ́ tí kò dín,
Èmi àkọ́bí yín, tí ọ̀kadà gbé dé Challenge.