Èmi Ni Mo Ní Kí Àmírà Fi Ìṣirò Sílẹ̀

Mìsítúrà ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́hun máa bá ẹ gbé ní Peckham níbẹ̀, kí òtútù má rí ẹ gbé ṣe. Ara mi le, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ rẹ bí mẹ́ta, akọ ni gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ Àmírà ọmọ rẹ ni mo fẹ́ sọ, má sì pariwo lé mi lórí. Ó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń sunkún, ó ní òun fẹ́ dúrọ́ọ̀pù ìṣirò ní ọdún àṣekágbá yìí. Mo ní ṣé ó ti fọ́? Ó ní rárá, òun fẹ́ pa á tì ni, ẹ̀kọ́ mẹ́rin ti pọ̀ jù fún òun, ṣùgbọ́n ìwọ ti búra pé kò sí yunifásítì tó máa gba ẹni tó bá sá fún ìṣirò. Ó ní yunifásítì tí òun fẹ́ lọ kọ́ òfin sì ti fún òun ní ọ́fà. Mo ní ta ló fún òyìnbó láṣẹ láti fi Ọ̀fà ta ọmọ lọ́rẹ, ìlú tó lọ́ba? Ó rẹ́rìn-ín títí ẹkún fi dá, ó ní ìlérí pé wọ́n máa gba òun wọlé ni wọ́n ń pè ní ọ́fà.

Mo lọ bá Tíṣà Malachi tó ń kọ́ni ní ìṣirò níléèwé gíga ìlú wa. Ó ní tó bá jẹ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ló fẹ́ ṣe, ìpalára ńlá ni, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òfin, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yunifásítì. Àmírà béèrè. Wọ́n ní àwọn kò wá ìṣirò, kó ṣáà yege nínú mẹ́ta yòókù dáadáa. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Má bá a jà, èmi ni kí o bá jà.

Ó wá ku fọ́ọ̀mù tí òbí máa fọwọ́ sí. Ó fi hàn mí lórí fóònù. Òbí ni wọ́n kọ síbẹ̀, èmi ni mo sì bí ẹ, ta ló tún jẹ́ òbí jù mí lọ? Mo ti àtàǹpàkò bọ inú tàdáwà, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fóònù gbọingbọin. Àmírà ní kò dé ọ̀dọ̀ òun. Mo ní báwo ni ohùn mi ṣe ń dé tí àtàǹpàkò mi kò dé? Tíṣà wọn ní ìwọ gan-an ni yóò fọwọ́ sí i, kó tó di Jímọ̀.

Fọwọ́ sí i. Mo mọ ohun tó ń dẹ́rù bà ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ìṣirò gbé ẹ ṣubú níbí, tí gbogbo ilẹ̀kùn tì mọ́ ẹ lójú, èmi ni mo ń gbé oúnjẹ wá síbi tí o dojú bolẹ̀ sí. N kò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ìdánwò tìrẹ kọ́ ni ọmọ yìí ń ṣe.

Bí o bá kọ̀, fi owó ọkọ̀ òfúrufú ránṣẹ́, kí n wá bá tíṣà náà sọ ọ́ lójúkojú. Bí o bá gbà, fi owó páànù ránṣẹ́, yàrá ẹ̀yìn ń jò. Èyí ó wù kó jẹ́, ṣáà fi owó ránṣẹ́.

Ọlọ́hun á jẹ́ kí Àmírà ga jù ẹ́ lọ, á sì jẹ́ kí ó dùn mọ́ ẹ.

Ìyá tó bí ẹ,
Ràfíátù