Ta Ni "Wọ́n"?

Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Mo ti fìwé ránṣẹ́. Yunifásítì òdìkejì odò ń wá ẹnì kan ṣoṣo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè dókítà, kó wá fọdún méjì ṣèwádìí ikán. Ikán! Iṣẹ́ mi gan-an. Oyè mi ò tíì pé oṣù kan, àyè mi níbí sì ń parí. Bí n ò bá rí èyí, ó di kí n padà lọ máa kọ́ àwọn ọmọ girama.
Ọ̀gá mi ni mo fi ṣe ẹlẹ́rìí tí yóò sọ̀rọ̀ mi fún wọn. Baba Ṣíọ̀. Ohunkóhun tí mo bá kọ, "ṣíọ̀" ló máa kọ́kọ́ sọ. Nínú ìwé yìí, "ó" ni mò ń pè é. Ta ni yóò gbọ́?

Ọjọ́rú, 5
Bọ̀dá tí a jọ ń lo yàrá ìwádìí bi mí pé ìgbà wo ni wọn ò ní gbàwé mọ́. Kí ló kàn án? Dókítà àtijọ́ ni, irun rẹ̀ ti ń funfun, Baba Ṣíọ̀ gan-an "ẹ" ló ń pè é. Mo kọjá lẹ́yìn rẹ̀ — gbà! Ó pa kọ̀ǹpútà dé.

Ẹtì, 7
Ó tún pa á dé. Láti òní lọ: Bọ̀dá Pa-á-dé.

Àìkú, 9
Mo rojọ́ rẹ̀ fún Màámi lórí fóònù. Wọ́n ní láti kékeré, ẹni tó bá bu omi fún mi, màá kọ́kọ́ gbóòórùn omi náà ná. Mo rẹ́rìn-ín. Inú mi ò dùn.

Ìṣẹ́gun, 11
Mò ń gbé omi lọ fún àwọn ikán, ilẹ̀kùn Baba Ṣíọ̀ ṣí díẹ̀. Àwọn yunifásítì yẹn ló ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo gbọ́ ọ ketekete: "Àwọn ni kẹ́ ẹ mú. Wọ́n mọ ọ̀rọ̀ ikán ju èmi gan-an lọ."
Wọ́n! Èmi tí mo jẹ́ "ìwọ" àti "ọmọ yìí" láti ọjọ́ tí mo ti débí? Ta ló ń jẹ́ "wọ́n" níbí, bí kì í bá ṣe Bọ̀dá Pa-á-dé? Wọ́n ti jọ gbìmọ̀ sí mi. Ẹlẹ́rìí mi ń jẹ́rìí fún ẹlòmíràn!
Mo sunkún nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo wá kọ̀wé sí yunifásítì pé kí wọ́n yọ orúkọ mi. N ò ní bá ẹnikẹ́ni du ohun tí wọ́n ti pín tán.

Ọjọ́bọ̀, 13
Bọ̀dá Pa-á-dé wúkọ́, ó fa àga sọ́dọ̀ mi. Iṣẹ́ ìwé ti sú òun. Ẹja lòun fẹ́ lọ máa sìn, ojú ló ń ti òun láti sọ. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ ìgbà tí màá lọ ni, kóun lè mọ ẹni tóun máa fi kọ́kọ́rọ́ yàrá lé lọ́wọ́. Ó ṣí kọ̀ǹpútà. Ẹja. Ẹja ló kún un.
Ta wá ni "wọ́n"?

Ẹtì, 14
Baba Ṣíọ̀ ránṣẹ́ pè mí. Ó dìde bí mo ṣe wọlé. Kò dìde fún mi rí.
"Ẹ jókòó, Dókítà."
Mo bojú wẹ̀yìn, bóyá Bọ̀dá ló wà níbẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni.
Wọ́n — bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n — yọ awò ojú wọn. "Mo ti bá wọn sọ ọ́ pé ẹ̀yin ni kí wọ́n mú. Wọ́n sì gbà. Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ní kí wọ́n yọ orúkọ yín? Wọ́n ti mú ẹlòmíràn láàárọ̀ yìí."
Mo dúró kí wọ́n sọ "ṣíọ̀". Wọn ò sọ ọ́.