Òrùlé Tó Kẹ̀yìn sí Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ilé yín ṣì dúró. Yèyé ń jẹun dáadáa, àfi ẹsẹ̀ tó máa ń dùn ún bí ọ̀gìnnìtìn bá mú. Èmi náà ṣì ń fa àgádágodo wò lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn tí mo bá ti tì í tán, bí ẹ ti máa ń ṣe, àwọn ará ọ́fíìsì sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bàbá Ọlá, aládùúgbò wa, ni mo fi ń kọ̀wé yìí.

Ó fẹ́ kọ́ yàrá kan kún ilé rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ tiwa, níbi tí àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ máa ń sùn sí. Kò sí ẹni tó lè fi yàrá kún ilé ní Adó báyìí láìjẹ́ pé ó mú àwòrán rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì àwa wolé-wolé. Ọ̀gá mi gbé àwòrán náà fún mi pé kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo sọ fún un pé aládùúgbò wa ni. Ó ní ìdí nìyẹn gan-an tí ojú mi yóò fi mú.

Ojú mi mú lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo rí. Bí a bá fi yàrá kún ilé, ńṣe ni òrùlé rẹ̀ máa ń dà síta, kí omi òjò lè jìnnà sí ògiri àtijọ́. Ilé alámọ̀ ni ilé Bàbá Ọlá, omi sì ni ọ̀tá ilé alámọ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán yìí, páànù yàrá tuntun ga lápá tiwa, ó rẹlẹ̀ lápá tirẹ̀. Gbogbo omi yóò máa dà sí ọ̀nà tóóró tó wà láàárín yàrá náà àti ilé àtijọ́, sí ẹsẹ̀ ògiri òun fúnra rẹ̀. Ta ló ń da omi sórí ẹní tó ń sùn lé?

Mo fura. Mo ní ẹ̀tàn ni. Yóò gba òǹtẹ̀ wa tán, káfíńtà yóò wá yí igi òrùlé padà, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ yóò sì máa kán sí apá tiwa. Ẹ mọ ohun tó wà lápá tiwa: ẹ̀yin ni. Ibojì yín sún mọ́ ààlà gan-an, a kò sì tíì rẹ́ sìmẹ́ńtì sí i. Omi òrùlé lè wọ́ erùpẹ̀ rẹ̀ lọ láàárín ọdún kan. Bí ibojì bá ti tẹ́jú, ta ni yóò tún jẹ́rìí pé ilẹ̀ wa dé ibẹ̀?

Mo rántí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́. Kí ẹ tó kú, ẹ̀yin méjèèjì kò kí ara yín fún odidi ìgbà òjò kan, nítorí kókò yín tí ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ. Ṣé ẹ parí ìjà yẹn? Ẹ kò sọ fún mi. Ó wá síbi ìsìnkú yín, ó dúró lẹ́yìn gbogbo ènìyàn, kò sunkún. Mo ti ń ṣọ́ ọ láti ìgbà náà.

Mo mú téèpù lọ. Mo wọn ààlà, mo wọn ọ̀nà, mo tún un wọ̀n. Bàbá Ọlá jókòó, ó ń jẹ iṣu sísun.

"Wolé-wolé, ṣé ilẹ̀ náà ti gùn sí i láti àná ni?"

"Bàbá, mo kàn fẹ́ kó dá mi lójú ni."

"Bí bàbá rẹ náà ti ń ṣe nìyẹn. Yóò ra iyọ̀ lọ́jà, yóò tún un wọ̀n nílé."

N kò rẹ́rìn-ín. Mo bi í ní ojúkojú ìdí tí òrùlé rẹ̀ fi dà sínú ilé. Mo ní ògiri rẹ̀ yóò wó lé e lórí. Ó jẹ iṣu ẹnu rẹ̀ tán.

"Ìwọ tí o kàwé tó báyìí, o kò mọ ẹni tó sùn síbẹ̀ yẹn? Ọkùnrin tí òjò yóò kán sí lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan, tí yóò sá wọlé bí adìyẹ! Òjò Olúwa, n kò lè dá a dúró. Ti òrùlé mi ńkọ́? Ṣé èmi ni n óò máa da omi lé e lórí? Ulé mi ni, jẹ́ kó wó."

Bàbá, ó ti fò mí lọ́kàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá rin ọ̀nà Ìgèdè láìbẹ̀rù, ẹ̀kán òjò lẹ máa ń sá fún. Ẹ ó fi fìlà há abíyá, ẹ ó ya wọlé, òun yóò sì máa fi yín ṣẹ̀fẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì.

Síbẹ̀, n kò lè fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀. Òfin kò gbà kí a ti ògiri alámọ̀ sábẹ́ omi. Mo fi pẹ́ńsùlù yí òrùlé náà síta bó ti yẹ, mo sì fi kún un pé kí wọ́n ká páànù bí ọpọ́n sí etí rẹ̀ lápá tiwa, kí omi gba inú rẹ̀ lọ sínú àgbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé Yèyé. Bàbá Ọlá wo àwòrán náà títí. Ó ní kí n búra pé kò ní jò. Òun náà ń fura sí mi!

Wọ́n ti kọ́ ọ tán. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lánàá. Bó ti dá, mo jáde, mo bá Bàbá Ọlá nídìí ibojì yín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ìka wá ojú ihò tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ máa ń gbẹ́. Ó ní kò sí. Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀, ó lọ.

Mo dúró kó wọlé. Lẹ́yìn náà ni èmi náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí mo tún un wò.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń fa àgádágodo wò lẹ́ẹ̀mejì.