Àgbá Kẹta Kò Hó Mọ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, 2019
Àgbá kẹta ti dákẹ́. Mo gbé etí lé e láàárọ̀ — kò hó rárá. Mo bu díẹ̀ tọ́ wò: adùn ṣì kún inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, wáìnì funfun ìdílé wa kì í dùn. Òórùn rẹ̀ ló máa ń ta sánsán. Ìdajì ìkórè wa ló wà níbẹ̀. Olórí-kunkun — bàbá mi ni, inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ — ti búra: bí wáìnì bá tún bàjẹ́ lọ́dún yìí, àwọn á hú gbogbo àjàrà orí òkè, àwọn á fi ilẹ̀ náà fún alágùntàn. Àjàrà tí bàbá wọn gbìn!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì
Mo ti rí ohun tó fà á. Bàbá ló jẹ́ kí ẹ̀rọ amútutù tutù jù, kí òórùn má baà fò lọ. Òtútù mú ìwúkàrà tó máa ń jẹ adùn inú wáìnì, ó sùn lọ. Mo ní ṣé wọn ò gbóòórùn pé nǹkan ti yí ni? "Ìwọ tọ́ ọ wò. Ṣé ẹnu kọ́ ni tìẹ ni?" Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Inú bí mi gan-an.

Ọjọ́rú
Kò tíì hó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin
Àǹtí Hilda, ẹ̀gbọ́n bàbá, dé. Búrẹ́dì tí wọ́n ń yan jóná. Èmi tí mo wà níta gbóòórùn rẹ̀. Bàbá tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ò gbójú kúrò nínú ìwé ìròyìn. Àǹtí wò wọ́n títí. "Werner, imú ẹ ńkọ́?"

Bàbá ká ìwé ìròyìn náà pọ̀. Lẹ́yìn náà: "Látìgbà àìsàn ọdún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n. Mi ò gbóòórùn nǹkan kan mọ́."

Mo lọ sunkún nídìí àgbá. Mo ti rò pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Ojú tì mí.

Ọjọ́ Ẹtì
Àǹtí kó kúbùsù oníná méjì dé, a pa ẹ̀rọ amútutù, a sì fi wọ́n wé àgbá kẹta. Bàbá ní, "Àgbá la ń tọ́jú ni, àbí aláboyún?" Àǹtí ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Di okùn yẹn mú, jàre!" Mo bu wáìnì tó ń hó lọ́wọ́ látinú àgbá kejì, mo ń dà á sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yìn ń dùn mí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje
Ó ń hó! Mo fi bàtà ṣọ́ọ̀ṣì fò sókè.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, ọjọ́ kejìlélógún
Nílé wa, olórí ilé ló máa ń kọ́kọ́ tọ́ wáìnì tuntun wò. Bí kò bá sọ pé "Tiwa ni," orúkọ wa ò ní lọ sára ìgò. Bàbá mu díẹ̀, wọ́n tu ú sílẹ̀. "Adùn ti tán. Ahọ́n mi mọ ìyẹn. Ìyókù ò sí lọ́wọ́ mi." Wọ́n na ife sí mi, lójú gbogbo ẹbí tó pé jọ.

Mo gbé e sí imú. Èèpo ọsàn wẹ́wẹ́, òdòdó funfun — àti òórùn kan tí mi ò gbọ́ rí nínú wáìnì wọn. Mo sọ fún wọn pé ó yàtọ̀ sí tiwọn.

"Ṣé mo bi ọ́ bóyá tèmi ni?"

Mo tún mu. Mo ní, "Tiwa ni."

Àǹtí pariwo. Bàbá ò sọ̀rọ̀ alágùntàn mọ́. Wọ́n bi mí léèrè ọjọ́ tí a máa rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n sì dúró, wọ́n ń retí ohun tí mo máa sọ.