Ọpẹ́ Ìyàwó Ọmọ Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Aládùúgbò ló ń bá mi kọ èyí, mi ò mọ̀wé.

Aránṣọ ni ìyàwó ọmọ mi. Láràárọ̀, kó tó fẹsẹ̀ kan máṣíìnì, á fi ẹ̀rín dúpẹ́ ohun kan lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà dá aṣọ padà, èmi náà tún sọ̀rọ̀ líle sí ìyàwó ọmọ mi. Lọ́jọ́ kejì, mo tẹ́tí sí ọpẹ́ rẹ̀.

Ó ní, “Bàbá ọ̀run, mo dúpẹ́ pé ẹnu Màámi ṣì mú. Ara wọn le nìyẹn.”

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ó ní kí èmi náà bẹ̀rẹ̀ tèmi. Òun gan-an ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dúpẹ́ fún, àmọ́ mi ò yìn ín rí. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n sọ ọ́ lójú rẹ̀, àbí yóò máa gùn mí lórí?

Olóòtú, ẹ kà á sókè o. Rédíò kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì rẹ̀.