Ojú Kejì Àwo Bàbá Mi

Bàbá mi, tí mo pè ní ọ̀wọ́n títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá,

Èmi ni. N kò lọ sílé ìwé, ẹ̀yin náà lẹ sì mọ ìdí rẹ̀, nítorí náà Dúpẹ́ ló ń bá mi kọ ọ́, ọmọ ọmọ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó kọ ohun tí mo bá sọ bí mo ṣe sọ ọ́, kó má fi oyin sí i.

Ara wa le. Ilé ò jò. Mọ́tò ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún báyìí, wọ́n sì ti kó sísì àti tọ́rọ́ kúrò nílẹ̀, náírà là ń ná. Ó kọ́kọ́ rú mi lójú, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ọ́n ná. Ìròyìn tán. Ọ̀rọ̀ àwo orin yín ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín.

A ṣì ń to àwo lópin ọdún bí ẹ ṣe fi kọ́ wa. Bí àwọn ọmọ bá ti dé láti ìdálẹ̀ tán, a ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ó to gbogbo àwo tí a gbọ́ lọ́dún náà sórí rẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì mú ẹkùrọ́ mẹ́ta. Ó lè kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé àwo kan ṣoṣo, ó sì lè pín wọn. Àwo tí ẹkùrọ́ rẹ̀ bá pọ̀ jù ni olórí ọdún. Òfin yín kan ṣoṣo náà la ṣì ń pa mọ́: ẹni tí kò bá gbọ́ àwo kan tojú tẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ fi ẹkùrọ́ lé e. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń jókòó, igbá ẹmu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ yín, tí ẹ ó máa fi àtàǹpàkò yí ẹkùrọ́ tiyín nínú àtẹ́lẹwọ́ títí gbogbo wa yóò fi yàn tán. Ẹ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ojú yín kó tó yàn.

Àwọn ọmọ ti fi sinimá kún un báyìí. Mọ́tò sinimá máa ń wá, wọ́n á ta aṣọ funfun sí pápá ilé ìwé, gbogbo ìlú Ìlá á gbé àpótí lọ jókòó. Lọ́dún yìí, Dúpẹ́ yan ti àwọn ará Íńdíà kan, níbi tí wọ́n ti gún ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ́bẹ tó sì kọrin tán kó tó kú. Mo ní orin náà gùn ju ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀ lọ. Àwọn ọkùnrin yan ti àwọn Ṣáínà tó ń fò láti òrùlé dé òrùlé nítorí kí wọ́n lè ta ara wọn nípàá. Èmi kó ẹkùrọ́ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé èyí tí ìjọba gbé wá, tó ń kọ́ni bí a ṣe ń sá kòkó kó má bàa hu.

“Màmá, ìyẹn kì í ṣe sinimá!”

“Ó ní òun máa sá kòkó, ó sì sá a. Ẹ ka ẹkùrọ́ mi.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kà á. Ìgbà tó di ọ̀rọ̀ àwo ni ẹ̀rín tán.

Ẹ rántí àwo yín. Ọdún tí obì yín so jù lọ lẹ pe olórin kan láti Ìgbájọ. Ó jókòó sílé wa fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sọ ìtàn ilé wa fún un, ó sì lọ fi ṣe àwo l'Ékòó. Ojú kìíní yin bàbá yín àti àwọn tó bí i. Ojú kejì yin àwọn ọmọ yín. N kò sí nílé nígbà náà. Kùmásí ni mo wà, mo ní ìsọ̀ aṣọ tí àwọn obìnrin ibẹ̀ mọ̀ mí mọ́. Lẹ́yìn náà lẹ ránṣẹ́ pé ẹsẹ̀ yín kò gbé yín mọ́. Mo fi ìsọ̀ yẹn sílẹ̀ láàárín ọjọ́ ọjà méjì, mo wálé. Oyèdélé àbúrò mi, tó wà l'Ékòó nítòsí, gbọ́ iṣẹ́ kan náà. Ó fi agbádá ránṣẹ́. Agbádá kì í gbé ènìyàn lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Èmi ni mo gbé yín, fún ọdún méje.

Ọ̀sẹ̀ tí mo dé lẹ fi àwo náà hàn mí. Ẹ ní, “Orúkọ rẹ ló ṣáájú lójú kejì. Ó pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.” Mo ní kí ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Ẹ gbé àwo náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ẹ fi ìlà kan hàn mí létí rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Ẹ ní ó ti sán lójú ọ̀nà, pé bí abẹ́rẹ́ giramafóònù bá fi kan ojú yẹn, yóò là sí méjì, a ó sì pàdánù ti bàbá yín tó wà lójú kìíní. Ẹ ní kí n ṣáà mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Mo mọ̀. Ó tó mi.

Bí ọdún bá parí, mo ń kó ẹkùrọ́ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé àwo tí n kò gbọ́ tẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣòfin lẹ jẹ́ kí n rú u. Ẹ kàn ń yí ẹkùrọ́ tiyín. Lẹ́yìn tí ẹ kú, kò sẹ́ni tó bá àwo yín du ipò mọ́. Òun ló ń ṣe olórí lọ́dọọdún, àwọn tó kù á máa du ipò kejì. Mo sọ ọ́ káàkiri, Bàbá. Mo sọ ọ́ lọ́jà. Mo sọ ọ́ létí àwọn àna mi lọ́jọ́ tí wọ́n wá fẹ́ ọmọ mi obìnrin, pé ìyá ọmọ yìí, orúkọ rẹ̀ wà nínú àwo. Mo sọ ọ́ fún Ìyá Súlè aládùúgbò wa títí etí rẹ̀ fi di. Òun náà kì í pa ìtò àwo jẹ, torí ẹran.

Lọ́dún yìí, Oyèdélé wá. Ó ti fẹ̀yìn tì, irun rẹ̀ ti funfun. Dúpẹ́ sì gbé ẹ̀rọ tuntun kan bọ̀ láti Ìbàdàn, bátìrì ló ń lò, apá rẹ̀ fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ. Ó gbé àwo yín sójú oòrùn, ó fi èékánná fa ìlà yẹn.

“Màmá, kò sán. Nǹkan ló kàn họ ọ́ lára. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ orúkọ yín.”

Oyèdélé gbé àga rẹ̀ sẹ́yìn. “Ọmọ yìí, fi àwo àgbà sílẹ̀. Ohun tó ti pẹ́, kì í fẹ́ ìdààmú.”

Ó yẹ kí n ti mọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tún gèlè mi wé. Mo ní kó gbé e lé e.

Orúkọ Oyèdélé ni olórin náà kọ́kọ́ pè. Ó pè é, ó kì í, ó ní ó ga ju àjà lọ. Ó pe ìyàwó Oyèdélé. Ó pe àwọn méjì tó kú ní kékeré, n kò bínú sí ìyẹn. Ó pe ọmọ tí ẹ bí sí Jọ́ọ̀sì tí kò sí ẹni tó mọ ojú rẹ̀ nínú wa. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í yin kẹ̀kẹ́ yín. Kẹ̀kẹ́, Bàbá. Ó ní aago méjì ló wà lára rẹ̀, ó ní ó máa ń kí ará ilé kó tó dé ilé. Ó fi agogo dárà sí i, àwọn ọmọdé tó wà níbẹ̀ sì ń jó. Abẹ́rẹ́ dé àárín, ó ń ha, kò sẹ́ni tó gbé e kúrò.

Ìyá Súlè ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ó jọ pé ẹ já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́ ni o.”

“Jẹ ẹran rẹ.”

Mo ní kí Dúpẹ́ tún un gbé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tún un gbé. Mo rò pé bóyá ó fi oríkì pè mí, bóyá ó pè mí ní ìyá ẹnì kan, kó jẹ́ pé etí mi ni kò mú un. Kò pè mí.

“Oyèdélé, o mọ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Bàbá ti lọ.”

“Ṣé o mọ̀ àbí o ò mọ̀?”

“Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Bàbá ń ka orúkọ fún olórin. Mo ní, ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Wọ́n ní ọmọ tí kò bá fẹ́ wálé ni a ń fi orin pè. Wọ́n ní ẹ̀yin, bí àwọn bá ti ránṣẹ́ pẹ́rẹ́, ẹ ó wá.”

“Kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Ṣé kẹ̀kẹ́ náà kọ̀, kò wálé ni?”

Oyèdélé ń fi ọwọ́ ra eékún. Ẹ̀yin náà, ẹ dá mi lóhùn bí ẹ bá lè dáhùn. Orin pe Oyèdélé títí, ṣé ó jẹ́? Ọjọ́ ìsìnkú yín ló dé, ó sì jó ṣáájú gbogbo wa bí ẹni tó wẹ ẹsẹ̀ yín rí.

N kò bá yín jà pé ẹ yọ orúkọ mi. Obìnrin ni mí, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń to ọmọ nílẹ̀ yìí. Irọ́ yẹn ni. Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta? Bí ẹ bá ní ó pè mí lẹ́ẹ̀kan, n bá gbà. Kí ló dé tí ẹ fi gbé àwo sókè sí fèrèsé, tí ẹ wá ìlà tó jọ irun, tí ẹ fi ìka yín tẹ̀ lé e fún mi? Ẹni tó ń purọ́ nítorí ojú tì í kì í fara balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ̀rù bà yín pé mo máa padà sí Kùmásí ni? Ẹ̀ bá bi mí. N bá bínú fún ọjọ́ ọjà méjì, n bá bú yín, n bá sì tún bomi gbígbóná sínú bàsíà fún ẹsẹ̀ yín lọ́jọ́ kẹta. Ọdún méje la jọ jẹun nínú àwo kan náà, ẹ ò sì mọ ìyẹn nípa mi. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Mo tún wá rántí pé bí mo bá ń wẹ ẹsẹ̀ yín, ẹ máa ń fi imú kun orin ojú kìíní. Bí ẹ bá ti dé ìparí, ẹ ó dákẹ́, ẹ ó wo ògiri. Mo rò pé ẹ ń ṣàánú àwo tó sán. Mo máa ń rọra fi aṣọ nu àárín ìka yín nígbà yẹn, kí n má bàa da ìdákẹ́ yín rú.

Wọ́n fẹ́ ká ẹní nílẹ̀. Oyèdélé ní kí a fi Bàbá sí ipò olórí bí a ṣe ń ṣe, kí a máa bá àwọn tó kù lọ. Mo ní rárá. Mo ní kí wọ́n gbé e sí àárín àwọn mẹ́wàá yòókù, kó bá wọn dù ú. Mo ní kí Dúpẹ́ gbé ojú kìíní sí i fún mi, mo sì gbọ́ ọ bí mo ṣe ń gbọ́ àwo ilé onílé. Ohùn olórin yín dára. Agídìgbo rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ó ń sáré níparí bí ẹni tó rí òjò, ojú kejì sì jẹ́ kìkì orúkọ, àfi ibi kẹ̀kẹ́. Ìyá Súlè ń pariwo pé kí n jù ú sílẹ̀. N kò jù ú. Àwo ò ṣẹ̀ mí.

Oyèdélé kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ lé e, kò lè wo ojú mi. Ìyá Súlè fi ọ̀kan lé e, ó ní òun fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ náà. Dúpẹ́ ń wò mí. Mo ní kó má wo ojú mi, kó yàn. Èmi kó mẹ́ta mi lé obìnrin oníwákà kan tí ohùn rẹ̀ han bí ayùn, ó sì ń sọ òtítọ́ nípa ọkọ rẹ̀. Òun ló gba ipò kìíní. Ẹ̀yin ṣe ipò kẹrin, Bàbá, nínú mọ́kànlá. Mo ka ẹkùrọ́ náà fúnra mi, n kò sì rẹ́ yín jẹ.

Lọ́jà, wọ́n ti gbọ́. Wọ́n ń bi mí nípa aago kẹ̀kẹ́. Mo ń dá wọn lóhùn pé méjì ni.

Lọ́la, Dúpẹ́ yóò ka lẹ́tà yìí fún yín lójú oórì, nítorí ẹ̀yin náà ò mọ̀wé. Èmi yóò ti gbá ibẹ̀ kó tó dé. N kò ní í gbá a kí ẹ lè yìn mí. Ewé ló wà nílẹ̀.

Dúpẹ́ ní lẹ́tà gbọ́dọ̀ ní orúkọ nísàlẹ̀. Mo ní kó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ mí lórúkọ, ọwọ́ yín ló wà. Ẹ pè é níbi tí ẹ wà, kí àwọn tí ẹ jọ wà níbẹ̀ gbọ́.

Mo bínú sí yín, ọmọ yín sì ni mí síbẹ̀,