Ọkùnrin Tó Wà Lábẹ́ Ẹṣin

Àbúrò mi,

Mo kí ẹ, mo kí ìyàwó ẹ àtàwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti ń gbọ́ oògùn, wọ́n ti lè dìde láìdi ògiri mú. Òrùlé ilé ìdáná ò jò mọ́. O ṣeun tó o fowó ránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, mi ò sì ní pa á mọ́ra.

Àwòrán àwọn ológun ẹlẹ́ṣin tí Bàbá fọwọ́ ara wọn yà sórí aṣọ, ìwọ lo ní kí káfíńtà gé ìsàlẹ̀ ẹ̀ dànù kó tó fi ránṣẹ́ sí ẹ, kó lè ṣe rẹ́gí lára ògiri ẹ! Ṣé orí ẹ pé ṣá? Tí bàtà ò bá gba ẹsẹ̀, ṣé ẹsẹ̀ la ó gé? O ní eruku àti pátákò ẹṣin nìkan ló wà níbẹ̀. Ìgbà wo lo wò ó?

Abẹ́ tábìlì káfíńtà ni mo ti bá ibi tó gé kúrò yẹn, ó gbé agolo gúlúù lé e lórí. Ọkùnrin kan wà nínú eruku yẹn tó já bọ́ lórí ẹṣin, tó nawọ́ sókè. Bàbá máa ń sọ pé, “Torí ẹni tó wà nílẹ̀ ni mo ṣe ya àwọn tó wà lókè.”

Jọ̀ọ́, dá àwọn ẹlẹ́ṣin yẹn padà, ká rán wọn pọ̀. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ níbi iṣẹ́, o ò ní ṣubú níbi tí kò sẹ́ni tó máa gbé ẹ dìde.

Àbúrò Bàbá ni ọkùnrin inú eruku yẹn. Orúkọ tí ò ń jẹ́, òun ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n ẹ obìnrin.